Bọ́ọ̀ṣì inú ilé ọta ìbọn .22 onísílíńdà méjì: ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yọ ọ́

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ọdẹ àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ tinú irin. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Texas ni mo gbé wá. Òfin ibẹ̀ gbà á láyè láti ní ìbọn ìléwọ́, ó sì ra Ruger Single-Six àlòkù kan. Irú èyí tí wọ́n ń ta pẹ̀lú sílíńdà méjì ni (sílíńdà ni irin róbótó oníhò mẹ́fà tó ń yí; ihò kọ̀ọ̀kan ni ilé ọta), ọ̀kan fún ọta .22 kékeré tí wọ́n ń pè ní Long Rifle, èkejì fún .22 Magnum. Bí o bá ti pààrọ̀ sílíńdà, o ti pààrọ̀ ọta nìyẹn.

Sílíńdà Long Rifle ti sọnù kí ìbọn náà tó dé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi. Ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ wá ki bọ́ọ̀ṣì irin, ìyẹn irin róbótó oníhò tí a fi ń sọ ihò ńlá di kékeré, bọ ihò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nínú sílíńdà Magnum, kí ó lè máa fi Long Rifle yìn ín. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ yọ àwọn bọ́ọ̀ṣì yẹn, kí sílíńdà lè padà di ti Magnum.

Ó ní owó tí àwọn tó ń tún ìbọn ṣe lọ́dọ̀ wọn ń pè ti pọ̀ jù. Ó ní tí òun bá ń bọ̀ nílé ní Kérésì, sílíńdà nìkan lòun máa jù sínú àpò, kí n bá òun wá oníléèdì tó mọṣẹ́ ní Ìlọrin. Mo mọ àwọn kan ní Táíwò tí wọ́n ń ṣe bọ́ọ̀ṣì ẹ́ńjìnì. Ṣé wọ́n á lè ṣe é? Kí ni kí n bi wọ́n?

OníléèdìTáíwò

Àbúrò, ẹ kú ìbéèrè. Iṣẹ́ bọ́ọ̀ṣì ni mo ń jẹ. Bí inú sílíńdà ọ̀kadà tàbí ti jẹnẹrétọ̀ bá ti jẹ, a ó gbẹ́ ẹ fẹ̀, a ó ki bọ́ọ̀ṣì tuntun bọ̀ ọ́, a ó sì gbẹ́ inú bọ́ọ̀ṣì náà títí yóò fi bá pístìnì mu. Bí bọ́ọ̀ṣì bá sì tún jẹ, a ó gbé e lórí léèdì, a ó gbẹ́ ẹ títí yóò fi tinrín, yóò sì jáde fúnra rẹ̀. Mi ò rí ohun tó le nínú èyí tí ẹ sọ.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ nǹkan. Ṣé wọ́n fi agbára tẹ bọ́ọ̀ṣì yẹn wọlé ni, àbí wọ́n fi sódà (irin yíyọ́ tí a fi ń lẹ irin mọ́ra) jó o mọ́ ibẹ̀, àbí gọ́ọ̀mù ni? Báwo ló sì ṣe nípọn sí?

ỌdẹÌgbájà

Ẹ dúró ná. Kí a tó dé orí léèdì, ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀.

Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, èyí tó ti wà láti 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Ìpín kìíní ni èyí tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní àfi bí Ààrẹ bá fún un láṣẹ. Ibẹ̀ ni ìbọn àwọn ológun wà, ibẹ̀ náà sì ni gbogbo ìbọn ìléwọ́ wà, yálà ó ń yí tàbí kò yí, ìbáà jẹ́ ti àtijọ́ tí a ń fi òkúta ṣáná sí. Ìpín kejì ni ìbọn kátíríìjì táwa ọdẹ mọ̀ àti ráífù ọdẹ, àwọn tí ọlọ́pàá ń fúnni níwèé àṣẹ lé lórí. Ìpín kẹta ni ṣakabùlà tí a ń kì láti ẹnu.

Ibi tó kan ẹ̀gbọ́n rẹ gan-an nìyí: nínú òfin yẹn, ẹ̀yà ara ìbọn náà, ìbọn ni. Sílíńdà tó bá wà nínú àpò rẹ̀, ìbọn ìpín kìíní ni lójú òfin, bí ọ̀pá àti ìdí rẹ̀ tilẹ̀ wà ní Texas. Bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, òun ló ni ẹjọ́. Bí wọ́n bá bá a lórí léèdì ní Táíwò, oníléèdì ló ni ẹjọ́. Àtúnṣe ìbọn pàápàá, òfin yẹn sọ ibi tí a gbọ́dọ̀ ti ṣe é, ṣọ́ọ̀bù oníléèdì kò sì sí lára rẹ̀. Amẹ́ríkà náà ò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú kíkó ẹ̀yà ìbọn jáde nílùú wọn.

Ẹ wo àsìkò tí a wà. Àwọn ajínigbé ò jẹ́ kí gúúsù Kwara fojú ba oorun, àwa ọdẹ ló ń bá àwọn agbófinró wọgbó. Ta ló máa dúró gbọ́ àlàyé ẹni tí wọ́n bá ẹ̀yà ìbọn ìléwọ́ nínú mọ́tò rẹ̀ láàárín Òmù-Àrán sí Ìlọrin? Àbúrò, pe ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí. Má jẹ́ kó di ọ̀la.

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ̀yà ara lásán ni mo pè é tẹ́lẹ̀, bí ìgbà téèyàn ń gbé kabúrétọ̀ bọ̀. Mo ti pè é, ó sì gbà pé òun ò ní gbé e wá mọ́.

Ó wá ní òun á kúkú yọ ọ́ fúnra òun nínú gáràjì òun, pé òun ní ẹ̀rọ ìlu-ihò àti iná. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́. Bọ́ọ̀ṣì náà hàn bí òrùka tóóró ní ẹ̀yìn ihò kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀ ju ti sílíńdà lọ, ìlà kan tó dà bíi fàdákà sì yí i ká.

BàbáÀmọ́rà_Ọ̀fà

Mo kí gbogbo yín. Ilé ìkóhun-ìjà ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìntì, inú ilé ọta ni mo sì fi ọ̀pọ̀ nínú ọjọ́ ayé mi wò. Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí náà ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ń lérò ni pé sílíńdà Magnum wà lábẹ́ bọ́ọ̀ṣì yẹn bí wọ́n ṣe gbé e jáde ní ilé iṣẹ́, pé bí òun bá ti bó èèpo, òun á bá ẹran nínú. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò.

Ara kátíríìjì Long Rifle fẹ̀ tó 0.226 ínǹṣì. Ti Magnum fẹ̀ tó 0.242. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 0.016 ínǹṣì péré. Bí o bá fẹ́ fi bọ́ọ̀ṣì dí àlàfo yẹn, ìdajì rẹ̀ ló máa wà ní apá kọ̀ọ̀kan, èyí tó jẹ́ 0.008 ínǹṣì. Ní mìlímítà, ó jẹ́ 0.2. Bébà ìwé méjì tí a tò léra wọn ni ká sọ pé ó nípọn tó bẹ́ẹ̀. Ta ló lè gbẹ́ bọ́ọ̀ṣì irin tó tinrín báyẹn, kó sì tún kì í wọlé láìjẹ́ pé ó ká kò? Àwòrán tí o sì fi hàn wá, òrùka téèyàn ń fi ojú lásán rí ni. Ó nípọn ju bébà lọ dáadáa.

Ibo wá ni ẹni yẹn ti rí àyè tí bọ́ọ̀ṣì rẹ̀ gbà wọlé? Ó ti gbẹ́ ihò Magnum fẹ̀ kó tó ki bọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ ni. Kò sí ọ̀nà mìíràn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ bá yọ bọ́ọ̀ṣì náà tán, ihò tó máa bá níbẹ̀ tóbi ju Long Rifle lọ, ó sì tóbi ju Magnum náà lọ. Irin tí wọ́n ti gbẹ́ kúrò kì í hù padà.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù ni ògiri sílíńdà náà. Sílíńdà oníhò mẹ́fà yìí ní ogbà kékeré kan lára, lókè ihò kọ̀ọ̀kan, tí ìkọ́ ìbọn máa ń bọ́ sí láti dá a dúró kó má yí mọ́. Ibẹ̀ ni irin ti tinrín jù láàárín iná àti ọwọ́ ẹni tó ń yìn ín. Ilé iṣẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀. Ẹni tó gbẹ́ ihò yẹn fẹ̀ ti jẹ nínú ògiri yẹn, kò sì sí ẹnikẹ́ni níbí tó lè sọ bí èyí tó ṣẹ́kù ṣe pọ̀ tó.

OníléèdìTáíwò

Bàbá, ẹ ṣé. Ìgbà tí ẹ mú ìṣirò yẹn wá ni ọ̀rọ̀ tó yé mi. Ní ti ẹ́ńjìnì, ògiri búlọ́ọ̀kù nípọn, a lè gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kan, ká tún gbẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀kejì. Bí bọ́ọ̀ṣì bá yí nínú rẹ̀, ẹ́ńjìnì á kú, oníbàárà á padà wá bá mi jà, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí yàtọ̀.

Ìlà fàdákà tó wà lára fọ́tò yẹn, sódà fàdákà ni lójú tèmi. Ẹ bá mi bi ẹ̀gbọ́n yín bóyá àwọ̀ sílíńdà náà yàtọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ihò, bóyá ó pọ́n tàbí ó rí bí àyìnrín níbìkan.

BàbáÀmọ́rà_Ọ̀fà

Oníléèdì, ojú rẹ mú. Sódà fàdákà kì í yọ́ àfi kí iná tó ju 600 lórí òṣùwọ̀n Celsius lọ. Irin sílíńdà, wọ́n ti fi iná àti ìtutù sọ ọ́ di líle ní ilé iṣẹ́. Bí o bá tún dá a padà sínú irú iná yẹn, o ti sọ ọ́ di rírọ̀. Ojú ò lè rí i. Yóò máa dán, yóò máa yí, yóò sì máa ro kẹ́-kẹ́-kẹ́ bó ṣe yẹ. Ó ṣeé ṣe kí ẹni àkọ́kọ́ ti jó o lẹ́ẹ̀kan nígbà tó ń ki bọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ wá fẹ́ jó o lẹ́ẹ̀kejì láti yọ ọ́. Jọ̀wọ́, sọ fún un kó gbé iná yẹn sílẹ̀.

ỌmọÒmùÀrán

Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún un lórí fóònù. Ó ní kí n bi yín: bí òun ò bá wá yọ ọ́ mọ́ ńkọ́, ṣé òun lè máa fi Long Rifle yìn ín bẹ́ẹ̀? Pé ẹni tó ta á fún òun yìn ín lójú òun, kò sì sí nǹkan kan. Ó tún ní ọta .22 kékeré ni, agbára wo ló ní?

BàbáÀmọ́rà_Ọ̀fà

Rárá. Kó má yìn ín.

Ẹni tó bá pe .22 ní ọta kékeré, ìwọ̀n rẹ̀ ló ń wò. Ìtì èéfín inú rẹ̀ kò kéré. Òṣùwọ̀n àwọn tó ń ṣe ọta ní Amẹ́ríkà gba 24,000 pọ́ọ̀nù lórí ínǹṣì kan níbùú lóòró fún Long Rifle, iye yẹn kan náà ni wọ́n gbà fún Magnum. Ohun tó mú kí àwọn méjèèjì máa lo sílíńdà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni bí ara kátíríìjì ṣe gbọ́dọ̀ fara mọ́ ògiri ilé rẹ̀. Idẹ tinrín ni kátíríìjì. Bí iná bá ṣẹ́ nínú rẹ̀, idẹ náà máa wú, ògiri ilé ọta ló sì máa gbá a mú kó má fà ya. Bí àlàfo bá wà láàárín wọn, idẹ á ya, iná àti èéfín á gba ẹ̀yìn jáde. Ojú ẹni tó ń yìnbọn ló sì wà lẹ́yìn.

Ìdí nìyẹn tí fífi Long Rifle sínú sílíńdà Magnum lásán, láìsí bọ́ọ̀ṣì, kò fi dára. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe é torí pé ó wọlé wẹ́rẹ́, ọta sì ń jáde. Ẹ bá wọn wo kóró kátíríìjì tí wọ́n ti yìn, ẹ ó rí bí ó ṣe wú, tí òmíràn sì ti là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ẹnu dé ìdí.

Àdùkẹ́_ỌmọỌdẹ

Ẹ kú ọ̀rọ̀, ẹ̀yin bàbá mi. Mo ti ń ka ìjíròrò yìí látàárọ̀, mi ò lè dákẹ́. Èyí tí ẹ ń sọ nípa Texas wà ní àdúgbò wa.

Bàbá mi ní ìbọn kátíríìjì tó ní ọ̀pá kan ṣoṣo, nọ́ńbà 12, ìwé àṣẹ rẹ̀ sì wà nílé. Ìgbà kan wà tí kátíríìjì nọ́ńbà 12 wọ́n bí ojú. Ọ̀gbẹ́ni kan bá wọn ṣe bọ́ọ̀ṣì sínú ilé ọta kí wọ́n lè máa lo nọ́ńbà 20. Wọ́n lò ó fúngbà díẹ̀. Ní ọjọ́ kan, wọ́n fa kóró kátíríìjì tí wọ́n ti yìn jáde, bọ́ọ̀ṣì tẹ̀ lé e bọ́ sínú ewé, wọn ò sì mọ̀. Wọ́n ki nọ́ńbà 20 mìíràn bọ̀ ọ́. Wọ́n ló ṣe wọ́n bákan pé kátíríìjì náà kò dúró ní ẹnu ilé rẹ̀ bó ṣe máa ń dúró, pé ó ṣe bí ẹni pòórá. Wọ́n rò pé ó bọ́ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Nọ́ńbà 12 kan ṣoṣo ṣì wà nínú àpò wọn, wọ́n mú un, wọ́n fẹ́ kì í bọ̀ ọ́.

Kí wọ́n tó kì í, wọ́n gbé ọ̀pá ìbọn sókè sí ojú ọ̀run bí àwọn bàbá tiwọn ṣe kọ́ wọn. Oṣù lé gan-an lóru ọjọ́ náà. Wọn ò rí ìmọ́lẹ̀ kankan nínú ọ̀pá. Wọ́n fi ọ̀pá igi tì í láti ẹnu, kátíríìjì aláwọ̀ òféèfèé kan bọ́ jáde. Nọ́ńbà 20 tí wọ́n ń wá nílẹ̀ ni.

Wọ́n ṣì wà láyé, ọwọ́ wọn méjèèjì pé. Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ní bọ́ọ̀ṣì nínú ìbọn yín, ẹ má fojú kéré ọ̀rọ̀ tí Bàbá ń sọ yìí.

BàbáÀmọ́rà_Ọ̀fà

Àdùkẹ́, Ọlọ́run ló pa bàbá rẹ mọ́. Bá mi kí wọn dáadáa.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ. Nọ́ńbà ìbọn kátíríìjì, bó bá ṣe pọ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ ń kéré sí i. Nọ́ńbà 12 túmọ̀ sí pé bí o bá fi òjé pọ́ọ̀nù kan rọ ọta róbótó méjìlá, ọ̀kan nínú wọn ló ṣe déédéé ẹnu ọ̀pá náà. Bí o bá rọ ọ́ sí ogún, ọ̀kọ̀ọ̀kan á kéré, òun ni nọ́ńbà 20. Ẹnu nọ́ńbà 12 jẹ́ 18.5 mìlímítà, ti 20 jẹ́ 15.6. Ìdí nọ́ńbà 20 kéré ju ẹnu ilé ọta nọ́ńbà 12 lọ, kò sí ohun tó máa dá a dúró, yóò yọ̀ wọnú ọ̀pá, yóò sì há síbi tí ọ̀pá ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún. Ilé ọta á wá ṣófo, nọ́ńbà 12 á sì wọlé sẹ́yìn rẹ̀ láìsí wàhálà. Bí o bá yìn ín, ọ̀pá á bẹ́ níbi tí ọwọ́ òsì rẹ dì mú.

Nítorí ewu yìí gan-an ni wọ́n fi ń kun nọ́ńbà 20 ní àwọ̀ òféèfèé ní Amẹ́ríkà. Bí o bá ti rí òféèfèé nítòsí nọ́ńbà 12, ya wọ́n sọ́tọ̀ lójú ẹsẹ̀. Má ṣe kó wọn sínú àpò kan.

ỌmọṢàárẹ́

Ẹ má bínú o, Bàbá. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni pé a ti ń ba bọ́ọ̀ṣì lórúkọ jẹ́ jù. Lókè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ ń ta bọ́ọ̀ṣì ilé ọta ní gbangba, èyí tó ń jẹ́ kí nọ́ńbà 12 gba nọ́ńbà 20 tàbí .410, irú kátíríìjì tó tún kéré sí i. Wọ́n ń lò ó, kò sì pa wọ́n. Ṣé torí pé a wà ní Kwara ló fi wá di èèwọ̀?

BàbáÀmọ́rà_Ọ̀fà

Ìbéèrè ọmọ tó gbọ́n ni. Mi ò sọ pé ohun gbogbo tó ń jẹ́ bọ́ọ̀ṣì burú.

Bọ́ọ̀ṣì tí ilé iṣẹ́ ń tà, wọ́n ṣe é kó bá ilé ọta tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ mu. Ó ní etí tirẹ̀ tó jókòó sórí etí ilé ọta, kò lè yọ̀ wọnú ọ̀pá. Ọwọ́ lásán lo fi ń kì í, ọwọ́ lásán lo fi ń yọ ọ́, bí o bá sì yọ ọ́ tán, ìbọn rẹ wà bí ó ṣe wà. Wọ́n ń sọ irú ìbọn tó wà fún àti irú tí kò wà fún. Èyí tó wà nínú sílíńdà Texas àti èyí tó wà nínú ìbọn bàbá Àdùkẹ́, ẹnìkan ló jókòó tó fi ojú wọ̀n wọ́n. Kò sí òṣùwọ̀n, kò sí ìwé, kò sì sí ẹni tó kọ́kọ́ yìn ín nínú àgò irin wò kó tó fi lé oníbàárà lọ́wọ́. Ìyàtọ̀ tí mo ń tẹnu mọ́ nìyẹn.

ỌdẹÌgbájà

Kí n fi kún un pé èyí tí ilé iṣẹ́ ń tà pàápàá, ẹ bi ọlọ́pàá tó fún yín níwèé àṣẹ kí ẹ tó rà á. Irú ìbọn tí ẹ ní wà nínú ìwé yẹn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín gé ọ̀pá kúrú nítorí igbó dídí. Ọ̀pá tí kò bá tó ínǹṣì 20 mọ́ ti kúrò ní ohun tí òfin gbà.

ỌmọÒmùÀrán

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀gbọ́n mi kí yín, ó ní Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ó ti gbé sílíńdà náà sínú àpótí, ó lẹ ìwé mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má yìn ín. Ó ti bá alágbẹ̀dẹ ìbọn kan tó níwèé àṣẹ sọ̀rọ̀ ní ìlú rẹ̀.

Nǹkan mìíràn tún yọjú. Ọkùnrin náà ní kó wo iwájú sílíńdà dáadáa, pé bí ó bá jẹ́ ti ìbọn yẹn láti ilé iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kó bá nọ́ńbà mẹ́ta tó gbẹ̀yìn nínú nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìbọn náà níbẹ̀. Ó bá nọ́ńbà mẹ́ta lóòótọ́, kò sì sí ọ̀kan tó bá ti ìbọn rẹ̀ mu.

BàbáÀmọ́rà_Ọ̀fà

Ẹ gbọ́. Sílíńdà ìbọn mìíràn ni. Onísílíńdà méjì, ilé iṣẹ́ máa ń fi ìbọn kan wọn méjèèjì ni, kí ihò kọ̀ọ̀kan lè dúró gbọọrọ sí ojú ọ̀pá, kí àlàfo iwájú àti ti ẹ̀yìn má pọ̀ jù, kó má sì kéré jù. Bí ihò bá yà díẹ̀ kúrò lójú ọ̀pá, etí ọ̀pá á máa fá òjé lára ọta, òjé gbígbóná á sì máa ta sí ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́. Pẹ̀lú bọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú iná sódà, kí sílíńdà ọ̀hún má tún jẹ́ ti ìbọn náà!

Kó ra sílíńdà tuntun, ti Long Rifle àti ti Magnum bí agbára rẹ̀ bá gbé e, kó sì gbé odindi ìbọn lọ fún alágbẹ̀dẹ yẹn kó fi wọ́n wọ̀n ọ́n. Kó má ra sílíńdà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó wá kì í bọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀.

Bi í ní nǹkan kan sí i fún mi. Skúrúù mélòó ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara ìbọn náà, lókè tírígà? Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta, ti àtijọ́ ni, èyí tí wọ́n ṣe kó tó di 1973. Nínú irú yẹn, bí ìbọn bá já bọ́ tí ó fi òòlù rẹ̀ gbá ilẹ̀, ó lè yìn fúnra rẹ̀. Ọta márùn-ún ni kó máa kì sínú rẹ̀, kí òòlù sì sùn lé ihò kẹfà tó ṣófo. Ruger máa ń fi ẹ̀yà tuntun tó ń dènà èyí sí i lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tó bá fi ìbọn ránṣẹ́ sí wọn.

ỌmọÒmùÀrán

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ fọ́tò náà tóbi ni, Bàbá. Skúrúù mẹ́ta ni mo kà. Mo ti fi ọ̀rọ̀ yín ránṣẹ́ sí i bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ó ní òun á pe ilé iṣẹ́ Ruger kí òun tó gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ.